Ọkà Ẹyẹ Ku Kóńgò Méjì

Ìkirè,
Ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, 1991.

Rùfáì,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọkà. Àpò ọkà bàbà tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ohun tí ẹyẹ ń jẹun nínú rẹ̀ yẹn, èmi fúnra mi ni mo fi kóńgò wọ̀n ọ́n lójú Àlàbá dẹ́rẹ́bà. Mẹ́rìnlá ló jẹ́, kì í ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí o kọ sínú ìwé. Mi ò sọ pé Àlàbá bu ọ̀kan níbẹ̀ o, ohun tí kóńgò sọ ni mo ń sọ. Nínú mẹ́rìnlá yẹn, ẹyẹ ti jẹ mẹ́wàá. Mo lọ ọ̀kan, mo fi ṣe ògì fún bàbá rẹ. Sàfúrátù orogún mi bu ọ̀kan láìsọ fún mi, ó ní ọmọ òun kò lè máa sunkún ebi kí ọkà máa fì lórí igi, mi ò sì bá a jà. Ó ku méjì. Kóńgò méjì yẹn ló mú mi kọ ìwé yìí, torí náà má kà á fìrì bí o ṣe máa ń ka ìwé mi.

Ọ̀rọ̀ ọkà parí. Báwo ni ara rẹ? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun lásìkò, ṣé ọ̀gá tuntun tí o ń bá ṣiṣẹ́ kì í jágbe mọ́ ọ? Ọlọ́hun tó mú ọ dé Ìkòyí ti Èkó láìmọ ẹnì kankan níbẹ̀, òun náà ni á máa ṣọ́ ọ wọlé tí á máa ṣọ́ ọ jáde. Wọn ò ní fi ìròyìn rẹ já mi láyà lẹ́nu iṣẹ́. Áàmín. Títí di òní ni mo ṣì ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn pé kì í ṣe Ìkòyí tiwa tó wà nítòsí Àpòmù níbí ni o wà, torí àwọn kan ti ń bú ọ pé o sún mọ́ ilé tó báyìí, o kì í wá wo bàbá rẹ. Mo ní Èkó ni o wà. Wọ́n ní ṣé Èkó wá jìnnà ni.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wọ́n. Dòdò tí mo ń dì sínú ewé ti kéré débi pé èrò ọkọ̀ kan ní garaaji bi mí lọ́jọ́sí pé ṣé ti ọmọdé nìyẹn, níbo ni ti àgbàlagbà wà. Mo ní owó àgbàlagbà ni kó kọ́kọ́ mú wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó rà mẹ́ta. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀rín tí mo lè ròyìn fún ọ láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé sí ọ kẹ́yìn.

Wàyí o, ohun tí o fi ránṣẹ́. Nígbà tí Àlàbá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lóṣù kẹjọ, gbogbo agboolé ló jáde wá wò ó. O kọ ọ́ síwèé pé òyìnbó ọ̀gá rẹ àtijọ́ ló fi í ta ọ́ lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, pé inú ọgbà òdòdó ló máa ń gbé e kọ́ sí, tí á da ọkà sí i, tí á wá jókòó ti ife tíì, tí á máa wo ẹyẹ. O ní kí n gbé e kọ́ síbi tí bàbá rẹ á ti rí i, kí ojú wọn lè rí nǹkan wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀. Èèyàn tó lówó, tó ra ọkà lówó ara rẹ̀, tó gbé e fún ẹyẹ, tó wá jókòó kí ó má baà sí ẹni tí á lé ẹyẹ lọ! Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀jẹ́ ló jẹ́, tó ń san án. Mi ò tún rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìwọ ni o wà lọ́dọ̀ wọn, o mọ ìwà wọn jù mí lọ.

Titus káfíńtà, Aládùúrà tó wà lójú ọ̀nà wa yẹn, ní àtùpà ni. Ó wá ibi tí òwú àtùpà wà títí, ó ní àwọn òyìnbó ti gbàgbé láti fi í sí i. Èmi tí mo kàwé dé ìwé mẹ́fà, mo mú bébà tó wà nínú páálí rẹ̀, mo wò ó dáadáa. Àwòrán ọ̀kẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n fi ìlà pupa la ọ̀kẹ́rẹ́ náà kọjá láti orí dé ìrù. Ó yé mi kíá. Ẹni tó bá ní nǹkan yìí nílé kò gbọdọ̀ jẹ ọ̀kẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dá a lẹ́kun nínú agboolé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́dẹ gbé ọ̀kẹ́rẹ́ wá tí mo dá a padà, tó sì jẹ́ pé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ òfìfo la jẹ lọ́jọ́ náà. Sàfúrátù ní Ìyá Rùfáì, àwọn ọmọ ẹlòmíì ń ra bàtà wálé láti Èkó, èèwọ̀ ni tiyín rà fún wa.

Jẹ́ kí n sọ bí bàbá rẹ ṣe ń gbé, torí o ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o wá láti Iléyá èṣí tí àìsàn ti gbé wọn ṣubú, orí ẹní ni wọ́n sì wà nígbà náà. Apá òsì kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ òsì kò ṣiṣẹ́, ẹnu pa dé. Ọwọ́ ọ̀tún lè di ife mú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Titus kan àga onígi kan fún wọn. Láràárọ̀ ni èmi àti Sàfúrátù ń gbé wọn jókòó lẹ́yìn ilé, tí mo ń fi ọ̀já so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn àga kí wọ́n má baà dà sílẹ̀. Ọ̀já aláró tí mo fi pọ̀n ọ́ yẹn ni, ó ṣì le. Iwájú wọn gan-an ni igi gúrófà wà. Ibẹ̀ ni mo ní kí Titus gbé nǹkan náà kọ́ sí.

Ọjọ́ kejì, ológoṣẹ́ méjì dé. Ọjọ́ kẹta, àdàbà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀gà ti gbọ́. Àfi bíi pé wọ́n lu agogo fún wọn ni, wọ́n bo igi náà títí tí ewé rẹ̀ kò hàn mọ́, ariwo wọn kò jẹ́ kí Sàfúrátù gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀. Mo bojú wo bàbá rẹ, omi ń dà lójú wọn. Mo ní ayọ̀ ni. Mo wọlé lójú ẹsẹ̀, mo kọ̀wé sí ọ pé bàbá rẹ ń sunkún ayọ̀, o sì dá ìwé padà pé inú rẹ dùn, pé ọkàn rẹ balẹ̀ wàyí.

Mo tún lọ bá Alfa Làtífù kí ó lè dá mi lójú. Wọ́n ní ohun tí ẹyẹ bá jẹ lọ́wọ́ mùsùlùmí, sàráà ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Mo ní ẹ̀gà tó ń wá lójúmọ́ tó igba. Wọ́n ní ẹ̀san náà á pọ̀ nìyẹn. Mo ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀ lọ́nà, ewúrẹ́ mélòó ni à bá pa kó tó igba ẹnu? Ọkà nìkan la fi ń ṣe é. Mo ní kí àpò yẹn tó tán, ara bàbá rẹ á yá.

Ọ̀kẹ́rẹ́ inú igi obì ẹ̀yìn ilé ló wá ba ètò jẹ́. O mọ bí nǹkan náà ṣe rí, rọ́bà tó mọ́ gaara tí ọkà ń hàn nínú rẹ̀, wáyà tó yí i ká, sípíríǹgì lókè. Ẹyẹ fúyẹ́, bó bá bà á, ihò ṣí sílẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ wúwo díẹ̀, bó ṣe fò mọ́ ọn báyìí ni wáyà wọlẹ̀, gbogbo ihò dé. Ó gbé ojú lé rọ́bà, ó ń wo ọkà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe máa ń dúró níwájú akọ̀wé báǹkì tó jókòó sẹ́yìn irin, tó ní owó mi wà níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ kí n padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ Mọ́ńdè, kò lọ. Bó sì ṣe ń so rọ̀ níbẹ̀, gbogbo ẹ̀gà fò lọ, ẹyọ kan kò lè jẹun. Mo wo bàbá rẹ. Ojú wọn tú ká, igun ẹnu wọn sún. Mo ní ọ̀kẹ́rẹ́ ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni.

Ojoojúmọ́ ló ń wá lẹ́yìn ìyẹn, bàbá rẹ a sì máa yọjú wò ó lórí igi obì kó tó sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ro ti sàráà tó ń dá dúró. Mo tún wo bébà, mo rí ìlà pupa yẹn. Mo ní kí Titus fi páànù yí ìdí gúrófà ká, kó gé ẹ̀ka tó kan igi obì, mo wá fi òróró tí mo ti fi dín dòdò kun páànù náà dáadáa. Ọ̀kẹ́rẹ́ gùn ún lẹ́ẹ̀kíní, ó yọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó yọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀, ó padà sórí obì, ó bú wa títí, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́. Bàbá rẹ kò gba ògì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní inú ló ń run wọ́n, mo fún wọn ní àgbo.

Fún odidi oṣù kan gbáko lẹ́yìn rẹ̀, ẹyẹ nìkan ló wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wa eyín pọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn a máa lu apá àga, kò, kò, kò. Sàfúrátù ní ẹ jẹ́ ká yí àga yìí kọjú síbòmíì. Mo ní rárá o, ọmọ mi ló ní kí wọ́n máa wò ó. Gbólóhùn yẹn wà lọ́rùn mi, Rùfáì. Mo sọ ọ́ lójú wọn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ń dín dòdò lọ́wọ́ níwájú ilé ni mo gbọ́ igbe kan láti ẹ̀yìn. Wàà-hóóò! Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ń kọjá lọ sóko ni. Ó tún dún. Ìgbà náà ni ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi sínú epo gbígbóná. Ohùn tí mi ò gbọ́ láti oṣù mẹ́rìndínlógún ni. Kí n tó sáré dẹ́yìn ilé, àga ti dojú dé, ọ̀já ti já sí méjì, bàbá rẹ wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu wọn. Ife wọn wà lọ́hùn-ún lábẹ́ gúrófà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹyẹ kan kò sí lórí igi. Wọ́n wò mí, wọ́n la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì jáde ketekete bíi ti àtijọ́. Wọ́n ní, ta ló fi oko sílẹ̀ fún ẹyẹ?

Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí, lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí.

Ìwọ mọ ọ̀rọ̀ yẹn ju èmi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jí ọ lórí pèpéle igi láàárín oko ìrẹsì wa, ní àkùrọ̀ ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu, nígbà tí oorun bá gbé ọ lọ tí ẹ̀gà bá sì ti bà, kí pàṣán tó tẹ̀ lé e. O rántí ọdún tí ẹ̀gà jẹ ìrẹsì gbogbo ayé tán, tó jẹ́ pé oko tiwa nìkan ló kù lódindi? Ọdún yẹn ni wọ́n sọ bàbá rẹ ní Sàídì Ẹ̀gà-ò-bà. Ìrẹsì yẹn ló ra aṣọ ilé ìwé rẹ. Kí ẹyẹ tó jí ni bàbá rẹ ti ń wà lóko pẹ̀lú kànnàkànnà lọ́wọ́, fún ọdún méjìlélógún, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkùnrin yẹn ni mo fi ọ̀já so mọ́ àga, tí mo gbé kọjú sí ẹ̀gà tó ń jẹ ọkà, fún oṣù mẹ́ta. Mo wá lé ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń bá wọn lé ẹyẹ. Mo kun páànù fún un. Omi ojú yẹn, Rùfáì, mo pè é ní ayọ̀, mo sì fi kọ̀wé sí ọ.

A gbé wọn dé ọsibítù lọ́jọ́ náà. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù. Mo kọ Sàfúrátù, torí ògiri yàrá wọn kan ara. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ wọn ńkọ́? Mo ní ọmọ wọn wà ní Ìkòyí. Ó ní Ìkòyí kúkú ti sún mọ́ wa. Wọ́n tún ya wọ́n ní fọ́tò, mo sanwó, wọ́n sì gbé egungun lásán lé mi lọ́wọ́. Mo ní wọn ò ya ojú, kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Wọn ò dín in. Wọ́n ní egungun ìbàdí ti là, pé ní ọjọ́ orí bàbá rẹ kò sí ohun tí àwọn máa ṣe sí i, kí a máa tọ́jú wọn nílé. Ọjọ́ Sátidé la gbé wọn padà.

Mo ti tú nǹkan náà sílẹ̀ lórí igi láti Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo ní ká fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. A tẹ́ ẹní fún wọn létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Láti Sátidé títí di Mọ́ńdè, wọn ò fọhùn, wọn ò gba ògì, wọn ò gba omi ju èyí tí mo fi òwú kán sí ètè wọn. Ojú wọn là sílẹ̀, igi gúrófà ni wọ́n ń wò. Ara wọn ń tutù lọ láti ẹsẹ̀. Mo ti rí èyí rí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe lọ.

Lánàá, mi ò mọ ohun tó gbé mi, mo tún gbé e kọ́. Mo da ọkà díẹ̀ sí i. Ẹ̀gà àkọ́kọ́ bà, ọwọ́ bàbá rẹ gbéra lórí ẹní. Ẹlẹ́ẹ̀kejì bà, ojú wọn pọ́n, wọ́n wa eyín pọ̀, wọ́n mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ki ṣíbí ògì bọ̀ wọ́n lẹ́nu bí inú ṣe ń bí wọn lọ́wọ́, wọ́n gbé e mì. Ṣíbí mẹ́fà. Sàfúrátù ń sunkún, ó ní ẹ jẹ́ kí inú máa bí wọn o jàre, ìbínú yìí ló ń gbé wọn ró. Alfa Làtífù gbọ́, wọ́n ní kò tọ́ láti máa fi ohun tó ń dun aláìsàn hàn án. Titus ní òun ń gbààwẹ̀. Èmi ni mo ń gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ wọn láti mọ̀ bóyá ó gbóná, ó sì gbóná lánàá títí di ìrọ̀lẹ́.

Láàárọ̀ yìí, mo gbìyànjú láti lé ẹyẹ náà fúnra mi. Mo ní bóyá wọ́n á rí i pé oko ti ní olùṣọ́. Mo dúró lábẹ́ igi, mo ń ju gèlè sókè, mo ń pariwo. Bàbá rẹ wò mí, wọ́n sì gbé ojú kúrò. Igbe tèmi kọ́ ni igbe náà. Ẹ̀gà pàápàá mọ̀, wọn ò jìnnà, orí òrùlé ni wọ́n lọ dúró sí tí wọ́n ń wò mí. Ẹni méjì ló mọ igbe yẹn láyé. Ọ̀kan wà lórí ẹní.

Torí náà, gbọ́ mi dáadáa. Owó ọsibítù jẹ́ igba náírà ó lé ogójì, mo ti fi owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ san án, iṣẹ́ mi sì ti dẹnu kọlẹ̀. Bí o bá ní in lọ́wọ́, mú un bọ̀. Bí o kò bá ní in, má yá a, máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fi owó rán Àlàbá dípò ara rẹ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní gbà á. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹyẹ ni o ń lọ lé. Bó bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kó rín in. Nígbà tí o bá dé, má kọ́kọ́ kí ẹnì kankan. Gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sábẹ́ gúrófà, dúró níbi tí bàbá rẹ á ti rí ọ, kí o kígbe yẹn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí wọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bá ọ bínú. Bí wọ́n bá fẹ́ sinmi, kí wọ́n rí i pé ẹnì kan ti dúró ti oko kí wọ́n tó lọ.

Mo ti yọ páànù yẹn kúrò nídìí igi. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò tíì padà.

Mo pín kóńgò kan sí mẹ́rin, ìdá kan láràárọ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, méjì tó kù á kárí àárọ̀ mẹ́jọ, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa tán. Kò sí owó tí mo máa fi ra òmíràn, bí mo bá sì rà á, mi ò mọ̀ bóyá bàbá rẹ á lè dúró dè é.

Ọlọ́hun á mú ẹsẹ̀ rẹ yá. Ọkọ̀ tí o máa wọ̀ kò ní dánu dúró lọ́nà, ohùn rẹ kò sì ní há nígbà tí o bá nílò rẹ̀. Ohun tí o kò rí ṣe fún bàbá rẹ, á ku àyè tí o máa fi ṣe é. Áàmín.

Èmi ìyá rẹ, Sàlámọ̀tù, ń retí rẹ kí oòrùn tó wọ̀ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí.